Ṣé àbúrò mi àti àwọn tó ń bá a rìn lè fi mọ́tò tó ní ibùsùn gbé ajá wọ páàkì aṣálẹ̀ ní Amẹ́ríkà?

Ẹ̀gbọ́n wa l'Ádó-Èkìtì, bẹ́ẹ̀ ni, ajá lè bá wọn wọlé nínú mọ́tò tó ní ibùsùn yẹn, àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo. Ní páàkì Death Valley, ojú ọ̀nà ọkọ̀ àti ibi ìpàgọ́ ni ajá lè rìn, kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn páàkì White Sands àti Petrified Forest gbà á láyè jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí okùn ọrùn rẹ̀ kò bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ.

Ooru gan-an ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ ooru oṣù Kejì tiwa o: lọ́dún 1913, ti Death Valley dé 56.7°C! Ọ̀dà títì a máa bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bó bá ta wọ́n, kí ajá má sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣe ti ajá mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti pa. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni kí wọ́n lọ.