Ṣé ẹ̀kọ́ gidi ni ti orí fídíò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kubwa, l'Abuja níbí. Wọ́n ní ká máa gba lẹ́kíṣọ̀ lórí Zoom, dátà ń tán wàìwàì, ṣé ẹ̀kọ́ gidi tiẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Gidi ni o, àǹtí nọ́ọ̀sì. Láti 2003 ni Dókítà Sanjeev Arora ti ń fi fídíò kọ́ àwọn dókítà ìgbèríko ní New Mexico, l'Amẹ́ríkà, bí wọ́n á ṣe tọ́jú hepatitis C, ìyẹn àrùn ẹ̀dọ̀ kan, ọ̀rọ̀ aláìsàn gan-an ni wọ́n jọ ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ká kàn máa ka ìwé. Ti dátà, ẹ pa kámẹ́rà yín jàre. Àmọ́ wíwá iṣan fún abẹ́rẹ́ ò ṣe é kọ́ lórí fóònù, ẹ wo fídíò ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wá ní kí mátírọ́ọ̀nù dúró tì yín tẹ́ ẹ bá ń so rọ́bà mọ́ aláìsàn lápá.