Debian kò rí Wi-Fi láptọ́ọ̀pù mi: ṣé káàdì ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Mo ń fi Debian, ẹ̀yà Linux kan tí a lè lò dípò Windows, sórí láptọ́ọ̀pù mi. Bí mo ṣe dé ibi nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ní òun ń wá fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iwlwifi. Wi-Fi yìí kan náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Windows. Láptọ́ọ̀pù náà kò sì ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀. Ṣé káàdì Wi-Fi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Bó bá ti kú ni, Linux kò ní dá a mọ̀ débi tí yóò fi dárúkọ fáìlì tó ń wá. Intel ló ṣe káàdì yín, iwlwifi sì ni driver tí Linux fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àmọ́ driver nìkan kò tó. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan láptọ́ọ̀pù ni driver gbọ́dọ̀ gbé ètò kékeré kan sínú káàdì náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Ètò yẹn là ń pè ní firmware. Lórí Windows, òun àti driver jọ ń wọlé ni, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi mọ̀ pé ó wà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Debian fi mọ̀ọ́mọ̀ yọ firmware sílẹ̀, torí pé àwọn tó ṣe é kò fi kóòdù rẹ̀ han aráyé. Mo bọ̀wọ̀ fún ìlànà yẹn, ṣùgbọ́n ó fojú ọ̀pọ̀ èèyàn rí màbo. Ní 2022 wọ́n dìbò lé e lórí, nígbà tí Debian 12 sì jáde ní oṣù Kẹfà 2023, firmware ti wà nínú installer, ìyẹn ètò tó ń fi Debian sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wo èyí tó wà lórí fláàṣì yín. Bó bá jẹ́ 11 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ lọ gba tuntun. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Bí kò bá parí, ẹ má wulẹ̀ bá installer jà. Fóònù Android lèmi máa ń lò. Ẹ fi wáyà USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan USB tethering (ohun tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù lo íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù) lórí fóònù, kí ẹ wá padà síbi tí installer ti ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó tún un wá. Lójú rẹ̀, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán ni fóònù yẹn, kò ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Bí USB tethering kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà ná: iná nìkan ni àwọn wáyà mìíràn ń gbé.

Ẹ má tíì yọ fóònù nígbà tí Debian bá wọlé tán. Ẹ rí i pé non-free-firmware wà nínú /etc/apt/sources.list, fáìlì tó ń sọ ibi tí Debian ti ń gba ètò (lórí Debian 11, non-free ni), kí ẹ sì ṣe èyí gẹ́gẹ́ bíi root (alábòójútó kọ̀ǹpútà):

apt update
apt install firmware-iwlwifi

Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ tún un tàn. Ẹni tí káàdì tirẹ̀ bá jẹ́ Realtek, firmware-realtek ni kó fi sí i. Broadcom ló lágídí jù. Òmíràn nínú wọn ń fẹ́ broadcom-sta-dkms, èyí tí a ó kọ́ sórí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, ìyẹn sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà fóònù náà ni ọ̀nà àbáyọ.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Bí Wi-Fi bá ṣiṣẹ́ nínú installer, tí NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wá ní òun kò ní í fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà, ẹ ṣí /etc/network/interfaces. Installer ti lè kọ orúkọ Wi-Fi yín síbẹ̀, bíi wlp3s0, NetworkManager kì í sì í dá sí ohun tó bá wà nínú fáìlì yẹn. Ẹ fi # síwájú àwọn ìlà náà, ẹ fi ìlà ti “lo” (nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀) sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ tún láptọ́ọ̀pù tàn.