Ìsinmi gígùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọmọ tí a gbà tọ́: ẹ má tíì di ẹrù rẹ̀

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní oṣù mẹ́jọ rèé tí ọmọbìnrin yín, ọmọ ọdún méje, ti dé ọ̀dọ̀ yín láti ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ẹ ní nǹkan ń lọ déédéé, àfi ìgbà tí wọ́n gba ìsinmi ní ìparí oṣù Keje tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, tó ń tẹ̀ lé yín dé ẹnu ilẹ̀kùn balùwẹ̀, tó sì ń bá ọmọ aládùúgbò jà lójoojúmọ́. Màmá ọkọ yín wá ní kí ẹ mú un wá sí Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ lè rójú sinmi, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé inú rere ni màmá fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọdún kẹfà rèé tí ọmọ mi ọkùnrin ti wà lọ́dọ̀ wa n'Ìbàdàn níbí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó dé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ ohun tó là kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, torí òun ló ni ìtàn yẹn. Nígbà ìsinmi rẹ̀ àkọ́kọ́, èmi àti bàbá rẹ̀ rò pé oore la fẹ́ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà l'Ábẹ́òkúta, ó bí ọmọ mẹ́ta, ilé wọn fẹ̀. Àwa náà, ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí la ti máa ń lo ìsinmi nígbà tí a wà ní kékeré. Mo ra báàgì tuntun fún un, mo ká aṣọ sínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo ní ojú ọ̀nà ni ilẹ̀ ọ̀la máa ti mọ́ bá wa.

Mo jí lóru láti lọ wò ó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti wọ bàtà. Ó ti kó gbogbo aṣọ tí a rà fún un jáde nínú báàgì, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò tó wọ̀ wá láti hómù ló wà nínú ọ̀rá dúdú kan lórí itan rẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Mi ò mú nǹkan yín kankan o, Mà."

A ò lọ sí Abẹ́òkúta mọ́.

Ohun tó yé mi lẹ́yìn náà ni pé ọmọ tó ti ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í rí ìsinmi bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń rí i. Ilé ìwé ni ibi tó mọ̀ pé bí òní ṣe rí ni ọ̀la máa rí: agogo á lù, tíṣà á pe orúkọ, ẹ ó wá mú un ní aago méjì. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró, tíṣà ní ó dàbọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ẹni tí wọ́n ti já jù sílẹ̀ rí. Bó ṣe ń tẹ̀ lé yín dé balùwẹ̀ yẹn, ó ń ṣọ́ yín ni kí ẹ má baà lọ. Kì í ṣe àgídí, kì í sì í ṣe ìwà burúkú.

Nítorí náà, ẹ fún ọjọ́ ní ètò. Mo gé páálí Indomie kan, mo fi máákà pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, a sì jọ ya àwòrán sí i: bíbọ́jú, oúnjẹ àárọ̀, ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ ọ̀sán, oorun, eré. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ ni òun fúnra rẹ̀ máa ń sún láti orí àwòrán kan sí èkejì. Ẹ ò lè gbà gbọ́ ohun tí pẹ́ẹ̀gì yẹn ṣe. Tí iná bá lọ, tí òjò bá dí wa lọ́wọ́, tí àlejò bá dé, á sáré lọ wo ibi tí pẹ́ẹ̀gì wà, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Lálẹ́, mo máa ń sọ ti ọ̀la fún un kó tó sùn, títí kan ìgbà tí mo máa jáde àti ìgbà tí mo máa wọlé. Tí mo bá sọ pé aago mẹ́rin ni mo máa dé, aago mẹ́rin náà ni. Tí gò-sílò bá mú mi ní Mókọ́lá, mo máa ń pe fóònù ilé kí aago mẹ́rin tó lù.

Aránṣọ ni mí. Ọ̀dọ̀ mi ní ṣọ́ọ̀bù ló ti lo ìsinmi yẹn ká. Mo fún un ní agolo bọ́tìnnì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó ṣà wọ́n ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àwo. Wákàtí kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí tó bá ti ń di aago mọ́kànlá, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà. Mo kọ́ láti máa rán an jáde kí aago mọ́kànlá tó lù: kó bá mi bu omi, kó ra ọsàn wá níwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí ojú mi ti tó o. Ẹ ṣọ́ àsìkò tí tiyín máa ń yí padà, ẹ sì ṣáájú rẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ ò mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n ẹ gbé pílò rẹ̀ wò. Mo bá ẹran gbígbẹ àti búrẹ́dì tó ti hu lábẹ́ ti ọmọ mi. Mi ò bá a wí. Mo ra abọ́ oníke kan tó ní ìdérí, mo kó ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bisikíìtì sínú rẹ̀, mo gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, mo ní tirẹ̀ ni, kó má tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ ni mò ń kún un. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi wọlé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń pọ́n jù nínú rẹ̀.

Ti ìtọ̀, ẹ ra ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sórí fóòmù, ẹ jọ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ó parí síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọrin atọ̀ọ́lé fún un o, ì báà ṣe ọmọdé, ì báà ṣe àgbà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé? Bí kò bá lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ìjáde wa àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ọjọ́ Sátidé la lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì, èrò pọ̀ bí omi, ó ké títí a fi padà sílé. Èkejì, àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni, a lọ sí Òkè Ààrẹ, àwa méjì péré. Ẹ mọ ilé gíga tí wọ́n ń pè ní Layípo níbẹ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí po bí ìgbín. Ó ń ka àtẹ̀gùn bí a ṣe ń gùn ún, ó ṣìṣe, ó ní ká sọ̀ kalẹ̀ ká tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gùn ún. Nígbà tí a dókè, tí gbogbo òrùlé Ìbàdàn wà lábẹ́ wa, ó bi mí pé ta ni wọ́n kọ́ ọ fún. Mo ní òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bower ni, aṣojú ìjọba wọn n'Ìbàdàn láyé àtijọ́, pé ó ti kú kí wọ́n tó kọ́ ọ ní 1936 láti máa fi rántí rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Wọn ò wá gbàgbé ẹ̀." Mo ní rárá, wọn ò gbàgbé rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú sọ̀ kalẹ̀.

Ó ku ohun kan tó nira fún mi láti kọ. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ àǹkárá oníbàárà. Inú bí mi, mo ní, "Tí o bá tún ṣe é, wà á padà síbi tí o ti wá." Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọdún mẹ́fà, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní irọ́ ni mo pa, pé kò sí ohun tó lè ṣe tí a máa fi dá a padà. Títí di òní, mo máa ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún un. Bí ó bá ti rẹ̀ yín débi pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ bọ́ lẹ́nu yín, ẹ jáde sí ìta, kí bàbá rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ yín fún wákàtí kan. Ìsinmi tí màmá fẹ́ kí ẹ rí, ọ̀nà yẹn ni kí ẹ gbà rí i: ẹlòmíràn wá sílé yín, kì í ṣe kí ọmọ kúrò nílé.

Ní ti àwọn ẹbí tó máa ń wá lásìkò ìsinmi, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé. Ọmọ kan nínú tiwa sọ fún ọmọ mi pé wọ́n lọ gbà á wá ni, kò lè jogún nǹkan kan. Láti ẹnu àgbà ló ti gbọ́ ọ. Mo pe àwọn àgbà náà jókòó, mo sọ fún wọn pé ní abẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá náà ti sọ di tiwọn, ọmọ tí ilé ẹjọ́ bá ti fọwọ́ sí gbígbà rẹ̀ dà bí ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó wa. Ọmọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mò ń sọ ọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ ni.

Lẹ́sìnnì kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó wọlé, ẹ mú un gba iwájú ilé ìwé kọjá, ẹ fi kíláàsì tuntun hàn án bí wọ́n bá gbà, kí ẹ sì dá àkókò oorun padà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ sọ fún màmá pé kí àwọn ló wá sílé yín fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín jọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ sì jọ padà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni tèmi kó tó dá lọ sí Abẹ́òkúta, ọjọ́ márùn-ún péré. Òun fúnra rẹ̀ ló di báàgì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó pè mí, mo rò pé ó fẹ́ padà wálé ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ bisikíìtì inú abọ́ mi o. Mò ń bọ̀ ní Sátidé."