Ẹ̀ṣọ́ wo là ń kó ròde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jiyàn nílé wa ní Iléṣà níbí, ó sì di ariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí rògbòdìyàn bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, olórí ìjọba ò gbọdọ̀ máa sáré tọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, torí pé "ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde". Èmi ní òwe yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀ rárá, pé sójà ni wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀, pé láti ilé ni wọ́n ti ń kó wọn lọ jagun lóde. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣi òwe náà lò, ṣùgbọ́n tìrẹ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí náà tìrẹ ni n ó kọ́kọ́ mú.

Ọ̀rọ̀ méjì ló jọra lójú ìwé, tó sì tún jọra létí. Ẹ̀ṣọ́ kan ni ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan, bíi ẹ̀ṣọ́ ààfin. Ibẹ̀ náà ni Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí wà, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń kì títí dòní. Ẹ̀ṣọ́ kejì ni ohun tí a fi ń ṣe ara lóge: ìlẹ̀kẹ̀, gèlè, tìróò, aṣọ tó bójú mu. Ẹ̀ṣọ́ oge yìí ló wà nínú òwe. Òun náà ló wà nínú "ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn", n ò sì tíì rí ẹni tó gbọ́ ìyẹn tó rò pé ìwà gbé ìbọn lọ́wọ́.

Ẹnu ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe náà, nílé wa tí kò jìnnà sí Ọjà Àtàkúnmọ̀sà. À ń lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti wé gèlè fún mi, mo ti wọ bàtà tuntun, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo kọjá lára ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mi ò kúnlẹ̀, mi ò tilẹ̀ wo ibi tó wà. Ìyá mi fà mí lápá padà. Kò lù mí. Ó tú gèlè orí mi, ó ká a sí apá rẹ̀, ó ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lọ kí wọn, kí o tó wá gba èyí." Gèlè yẹn ò wé dáadáa mọ́ títí a fi darí dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí nínú ìtàn yẹn ni pé a lọ síbi ìgbéyàwó náà. Ìyá mi ò ní kí n jókòó sílé. Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ṣìnà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó gbé òwe yìí ró ni "ti". Ilé la *ti* ń kó ẹ̀ṣọ́. Ibi tí nǹkan ti ń wá ni "ti" ń tọ́ka sí, kò fi ilé wé òde, kò sọ pé ọ̀kan ju ìkejì lọ. Ẹni tó pa òwe náà ti gbà pé à ń ròde. "Ròde" ló fi parí ọ̀rọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí èyí tètè yé jù, torí pé ohun kan náà ni wọ́n fi ń kì wá: "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko." Àgbẹ̀ àtijọ́ á fa ògúnná yọ nídìí ààrò, á gbé e dání lọ sóko, ibẹ̀ ni yóò fi sun iṣu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kì í bẹ́ẹ̀ tó ní kó má lọ sóko mọ́. Wọ́n kàn ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo nígbà tó ń lọ.

Òwe tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń wá wà lọ́tọ̀: "Bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n." Ìyẹn ló ní "kọ́kọ́" nínú, òun ló ń sọ èyí tó ṣíwájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí ó rọra lò ó fún olórí ìjọba o. Òwe yẹn ò sọ ẹni tí "ẹni" ń ṣe. Bí olórí bá pa á, aráàlú á rò pé orílẹ̀-èdè ni "ẹni", ó sì lè jẹ́ ara tirẹ̀ ló ní lọ́kàn, kí àwa wá jẹ́ ọmọ tí iná ṣì ń jó.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ wá sílẹ̀. Mo fura pé ìjà orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, aládùúgbò wa lápá àríwá, ti ọdún 2023 ló da ẹ̀yin méjèèjì pọ̀, torí òun ló da ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀. Ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àlééfà, ọjọ́ náà gan-an ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo bẹntiróò tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti lé ní 600 ní ọ̀pọ̀ ibi kó tó di ìparí oṣù Keje. Láàárín ìyẹn, ní 9 oṣù Keje, wọ́n fi í ṣe alága ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 26 oṣù náà, àwọn sójà lé Ààrẹ Mohamed Bazoum kúrò lórí oyè ní Nìjẹ̀r. Nígbà tó fi máa di 30, àwọn olórí ECOWAS ti pàdé ní Àbújá, wọ́n fún àwọn sójà náà ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní bí wọn ò bá dá Bazoum padà, àwọn lè fi ipá mú wọn. Nàìjíríà ti ẹnubodè, ó sì gé iná mànàmáná tó ń tà fún wọn.

Ọ̀kadà tó ń gbé mi lọ sí àdúgbò Ìmọ̀ ní Iléṣà níbí lọ́sẹ̀ yẹn ò bá mi sọ̀rọ̀ Bazoum. Owó epo ló ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, ó sì kó o lé mi lórí.

Àwọn tó fara mọ́ ìgbésẹ̀ ìjọba nígbà náà ní òwe tiwọn, òwe gidi sì ni: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìpínlẹ̀ méje ní Nàìjíríà ló bá Nìjẹ̀r pààlà, láti Kébbí títí dé Bọ̀rnó. Ẹbí kan náà ló wà níhìn-ín lọ́hùn-ún. Hẹ̀rẹ̀huru tibẹ̀ á dé etí wa lóòótọ́.

Nítorí náà, èmi ò bá Ààrẹ jà pé ó dá sí i. Alága ni wọ́n fi í ṣe, kò sì lè jókòó bí ẹni tí ò gbọ́. Ìbéèrè tí òwe ìyá mi máa bi í ni pé, kí lo kó láti ilé? Ní 5 oṣù Kẹjọ, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà dáhùn lọ́nà tiwọn: wọ́n dẹ́bi fún ìdìtẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí ogun. Kò sí ogun lóòótọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni ECOWAS gbé ọ̀pọ̀ ìjìyà tí wọ́n fi jẹ Nìjẹ̀r kúrò, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Nàìjíríà ṣí ẹnubodè. Nìjẹ̀r ní tirẹ̀ ti kéde pẹ̀lú Màlì àti Burkina Faso pé àwọn ń fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. A ròde, a ò rí ẹ̀ṣọ́ fi hàn.

Àmọ́ mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan tí òwe náà fúnra rẹ̀ ò sọ. Nígbà míì, òde ló ń kó nǹkan wá sílé. Nígbà ogun Kírìjí, tí Ògèdèǹgbé ń darí ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ dojú kọ Ìbàdàn, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ló ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sójú ogun, ìbọn tí wọ́n ń ti ìdí rẹ̀ ki ọta. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 23 oṣù Kẹsàn-án 1886. Bí kì í bá ṣe àwọn ará òde yẹn, n ò mọ ohun tí ilé ì bá fi jà. Ìgbà kòrónà náà ńkọ́? Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, tí orílẹ̀-èdè kálukú ń ti ilẹ̀kùn, ènìyàn 127 ló ti Ivory Coast dé sí Èjìgbò nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, tí ìjọba kó sọ́tọ̀ láti yẹ̀ wọ́n wò. Ọmọ ilé ni wọ́n. Òde ni wọ́n ti ń jẹun.

Mo wà nídìí ìsọ̀ ẹlẹ́wà kan ní Àtàkúnmọ̀sà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 nígbà tí bàbá kan dúró tó ń ka ẹ̀sùn sí ìjọba lọ́rùn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ náà ló ń sọ: kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Nìjẹ̀r, kí wọ́n gbájú mọ́ ilé, kí wọ́n fi òde sílẹ̀. Ẹlẹ́wà ń wọn ẹ̀wà lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, ibi tí ẹ ń pè ní òde yẹn, ibẹ̀ lẹ̀wà tí mò ń tà ti ń bọ̀. Ó ń gba Kánò wọlé ni. Ẹnubodè tí wọ́n tì, ọkọ̀ mi ò tíì dé." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gé orí kóńgò dọ́gba, kò fi ènì kankan sí i, ó dà á sínú ọ̀rá mi. Bàbá náà bi í pé èló ni kóńgò báyìí. Nígbà tó gbọ́ iye rẹ̀, ó ní kó wọn ààbọ̀ fún òun.