Èsì: Ìdí tí ìpékeré pòtétò fi ń jọra lẹ́nu lẹ́yìn ìkẹta

Ẹ béèrè ìdí tí adùn oríṣi ìpékeré pòtétò tí ẹ tọ́ wò fi jọra lẹ́nu yín, tí ẹ kò sì rí adùn akàn nínú èyí tí wọ́n pè ní alákàn. Ahọ́n yín kò ní àléébù, bí ẹ ṣe tò wọ́n ló fà á. Ẹ ní oníyọ̀-àti-fínígà (omi kíkan) ti ìlú Ọba lẹ kọ́kọ́ jẹ, kí ẹ tó kan oníkẹ́ṣọ́ọ̀pù (ọbẹ̀ tòmátò inú ìgò) ti Kánádà àti "alákàn" ti Maryland ní Amẹ́ríkà. Fínígà ti ta ahọ́n yín pa kí àwọn yòókù tó débẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ wọn wò níjókòó kan:

1. Kí ẹ tó ṣí ọ̀rá, ẹ dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́. Èròjà máa ń jókòó sísàlẹ̀. Tòkè á tẹ́, tìsàlẹ̀ á sì níyọ̀ jù.
2. Ẹ fi oníyọ̀ lásán ṣáájú, kí ẹ mọ adùn pòtétò àti òróró. Ti Maryland ló kàn, lẹ́yìn náà oníkẹ́ṣọ́ọ̀pù, kí fínígà kẹ́yìn. Àfi bí ti Maryland bá ta gan-an, òun ni kó kẹ́yìn.
3. Ẹyọ méjì tó. Ẹ da ojú tí èròjà pọ̀ sí lára ẹyọ kìíní dé ahọ́n, kí ẹ sì jẹ ìkejì bó ṣe yẹ.

Omi tí kò tutù àti búrẹ́dì díẹ̀ ni kí ẹ fi ṣanu láàárín wọn. Bí ata bá ta yín, wàrà ni kí ẹ mu; oró ata kì í yòrò nínú omi, wàrà ló ń gbé e lọ.

Ní ti akàn tí ẹ ń wá, kò sí níbẹ̀ rárá. Èròjà tí wọ́n ń bù sórí akàn ní Chesapeake, etí omi Maryland, ni: iyọ̀ sẹ́lẹ́rì (iyọ̀ tí wọ́n pò mọ́ hóró ewébẹ̀ sẹ́lẹ́rì), ata pupa, ata dúdú àti pápríkà (ata pupa lílọ̀ tí kì í sábà ta). Òórùn sẹ́lẹ́rì ni kí ẹ ṣọ́, ó máa ń gba imú jáde lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì. Síbẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kọ akàn gbọ́dọ̀ ka ẹ̀yìn ọ̀rá.