Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ má sọ òkè ọkọ̀ ojú omi di gbọ̀ngàn àríyá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ìkẹjà ni mo ń gbé. Mo fẹ́ ra yọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ kan, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 56, èyí tó ní flybridge, ìyẹn àjà òkè, kí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi lè máa fi lọ sí etíkun Ìlàṣẹ lópin ọ̀sẹ̀. Méjì ni ajẹ́ńtì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Òkè ti àkọ́kọ́ kéré, pákó dúdú ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìkejì funfun báláú, gíláàsì ló yí i ká, òkè rẹ̀ sì fẹ̀ dé ẹ̀yìn ọkọ̀ pátápátá. Ajẹ́ńtì ní a lè fi òrùlé onírin, fìríìsà àti sípíkà ńlá kún un lókè, kó lè gba èèyàn 20. Èwo ni inú rẹ̀ dára jù?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Mo ti wo fọ́tò méjèèjì. Tó bá jẹ́ ẹwà nìkan là ń wò, ìkejì fani mọ́ra ju àkọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa fi owó yín rà ni bóyá ọkọ̀ yẹn lè gbé èèyàn 20 sórí, kó sì dá wọn padà sí Ìkòyí láìfarapa. Lórí ètò tí ajẹ́ńtì là sílẹ̀ yẹn, èmi kò ní buwọ́ lù ú láéláé. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń bí mi nínú, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi í ta ọkọ̀ fún àwọn èèyàn wa.

Flybridge ni àjà tó wà lórí òrùlé pálọ̀ ọkọ̀, tí ìdarí kejì wà níbẹ̀, kí awakọ̀ lè ríran jìnnà. Èrò tó gbòde ni pé bó bá ṣe fẹ̀ tó ni ọkọ̀ ṣe dára tó, àti pé ohunkóhun tó bá ti gba àyè lókè, ọkọ̀ á gbé e. Irọ́ gbáà ni.

Ìwúwo ọkọ̀ ní ojúkò kan tó péjọ sí. Ẹ́ńjìnnì àti epo tó wà nísàlẹ̀ ń fa ojúkò yìí wálẹ̀, ohun tí a bá kó sókè ń fà á ròkè. Bí ìgbì bá tẹ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi á máa ti ẹ̀gbẹ́ tó rì yẹn padà sókè, ìwúwo ìsàlẹ̀ á sì ràn án lọ́wọ́ kí ọkọ̀ lè nàró. Bí ojúkò yẹn bá ṣe ń gòkè ni agbára ìnàró yìí ń dín kù, títí tí yóò fi tán. Ẹ bi ọlọ́kọ̀ Mákòkó ìdí tó fi máa ń pariwo mọ́ èrò tó bá dìde láàárín omi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá fi kìlógíráàmù 75 bu ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn 20 di 1,500, ìyẹn tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, ní nǹkan bíi mítà 3 sí 4 sókè omi. A ò tíì ka òrùlé irin, a ò tíì ka fìríìsà tó kún fún yìnyín. Èèyàn kì í sì í ṣe ẹrù tí a so mọ́lẹ̀. Ẹnì kan á ní ẹ wo ọkọ̀ ńlá tó ń wọ Àpápá, gbogbo wọn á rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ya fọ́tò, àsìkò yẹn gan-an sì ni ìgbì tí ọkọ̀ ńlá ọ̀hún dá sílẹ̀ máa ń débẹ̀.

Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2012, ní Oyster Bay, Long Island, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 34 kan tó ń jẹ́ Kandi Won kó èèyàn 27 lọ wo iná aláràbarà tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run fún àyájọ́ òmìnira. Ọkọ̀ tó ní flybridge ni. Ìgbà tí wọ́n ń darí bọ̀ wálé ló dojú dé. Ọmọdé mẹ́ta há sínú yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n sì kú.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn olùrà jẹ. Wọ́n á gun ọkọ̀, á rọra fì sọ́tùn-ún, á dúró díẹ̀, á rọra padà, wọ́n á ní, “Ẹ wo bó ṣe ń rọra lọ!” Ọkọ̀ tó bá ń fì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó sì ń pẹ́ kó tó nàró ni kí ẹ bẹ̀rù. Èyí tó ń ta kìjí padà lè dà yín láàmú níkùn, àmọ́ agbára ìnàró wà lára rẹ̀. Ojú nìkan kò tó ṣèdájọ́ o: ẹ ní kí onímọ̀ gbé ìwúwo tó mọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó wọn bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ tó.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣe fún títà ní Yúróòpù, tí kò gùn ju mítà 24 lọ, ní àwo kékeré kan tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kàn mọ́ ọn. Ẹ máa rí lẹ́tà kan níbẹ̀, láti A dé D, pẹ̀lú iye èèyàn àti ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. B jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tí kò ju ìpele 8 lọ lórí òṣùwọ̀n Beaufort, tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́, àti ìgbì tí kò ga ju mítà 4 lọ. C jẹ́ ìpele 6 àti mítà 2. Iye èèyàn yẹn, ọkọ̀ lódindi ló wà fún, kì í ṣe òkè nìkan. Ẹ wo inú ìwé ọkọ̀ bóyá wọ́n kọ iye ti òkè lọ́tọ̀. Tí ẹ bá sì ti lè fi òrùlé onírin kún un, ọkọ̀ yín kọ́ ni àwo yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ó wá ku inú ọkọ̀ tí ẹ bèèrè. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe yọ́ọ̀tì, bí Azimut àti Ferretti ti Ítálì, Princess ti Plymouth àti Sunseeker ti Poole nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkun Mẹditaréníà ló pọ̀ jù lọ́kàn àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ wọn. Níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi kan èbúté, ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ní ọ̀pọ̀ jẹ́tì wa l'Ékòó, ẹ̀gbẹ́ là ń fi kàn án, omi sì ń fi bíi mítà kan lọ sókè sódò. Nítorí náà, ẹ wá ọkọ̀ tí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀, tó ní irin ìdìmú gbọingbọin àti ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gíláàsì púpọ̀ ń gba oòrùn wọlé: ẹ̀rọ amúlétutù kò ní sinmi, jẹ́nẹ́rétọ̀ náà kò ní sinmi. Omi ọ̀sà ló ń tu ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀hún lára, òṣíbàtà àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà sì máa ń dí ẹnu ibi tó ń gbà wọlé. Fèrèsé tó ṣeé ṣí ṣe pàtàkì lójú mi ju àga funfun lọ. Àga funfun á hu èbu kí òjò tó dá.

Ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wá ihò àsálà tó wà níbẹ̀, èyí tí èèyàn ń gbà sá jáde bí ewu bá dé. Ẹ ṣí i, kí ẹ̀yin fúnra yín gba ibẹ̀ jáde. Bí ara yín kò bá gba ibẹ̀, tàbí tí wọ́n ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i, ẹ má fi àlejò kankan sùn níbẹ̀. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń gbà gòkè: àtẹ̀gùn tó tẹ́jú ni kó jẹ́, kì í ṣe àkàbà tóóró.

Ní ti ìrísí, ẹ dúró sórí jẹ́tì, kí ẹ wo ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí òkè rẹ̀ bá jọ pé ó wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ gba ojú yín gbọ́. Ti àkọ́kọ́ yẹn gún régé lójú tèmi.

Fọ́tò nìkan ni mo rí o. Ohun tí mo kọ yìí kò rọ́pò àyẹ̀wò lórí omi àti lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ìwé LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti ti NIWA, àjọ ọ̀nà omi ti ìjọba àpapọ̀, ẹ bi agbẹjọ́rò yín. Ní báyìí, ẹ sọ fún ajẹ́ńtì pé kó fi fọ́tò àwo yẹn àti ìwé ọkọ̀ méjèèjì ránṣẹ́, kí ẹ má sì san àsansílẹ̀ kankan títí wọ́n á fi dé.