B650, B850 àbí X870? Ẹ wo motherboard kí ẹ tó wo orúkọ chipset

Ẹ kú ìṣirò o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: processor Ryzen 7 9700X ti AMD ti wà nílẹ̀, káàdì graphics kan, SSD NVMe méjì, géèmù àti gígé fídíò lẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Ẹ wá há sáàárín B650, B850 àti X870, ìyẹn orúkọ chipset (chip tó ń so USB, SSD àti àwọn nǹkan mìíràn mọ́ processor) tó wà lórí motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ẹnìkan sì ti dẹ́rù bà yín pé B650 ti kógbá wọlé. Bí wọn kò bá tiẹ̀ ṣe é mọ́, ó ṣì wúlò o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM5 kan náà, ìyẹn ibi tí processor ń jókòó sí, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò, AMD sì ti sọ ọ́ síta pé àwọn kò ní pa AM5 tì títí di 2027 ó kéré tán. Láti ìgbà tó ti jáde ní 2022 ni mo ti ń to kọ̀ǹpútà AM5 fún ara mi àti fún àwọn tó yí mi ká. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni pé chipset kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Motherboard tí wọ́n kan chipset náà mọ́ ló máa ń dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú àwọn orúkọ yìí palẹ̀, torí wọ́n ń da èèyàn lójú rú. Chip kan ṣoṣo ló wà lórí B650, Promontory 21 ni wọ́n ń pè é, ASMedia ló ṣe é fún AMD. X670 ní méjì irú rẹ̀, ìkejì so mọ́ ìdí ìkíní. Nígbà tí X870 wá dé ní 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé chip méjì ni òun náà máa ní. Rárá o. Ẹyọ kan ló ní, Promontory 21 tí B650 ń lò náà ni. Òfin ni AMD fi kún un: ẹni tó bá máa kọ X870 sára motherboard gbọ́dọ̀ fi USB4 (irú USB tó yára gan-an) sí i, ihò káàdì graphics gbọ́dọ̀ jẹ́ PCIe 5.0 (PCIe ni ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín processor àti káàdì tàbí SSD, nọ́ńbà tó ga jù ló yára jù), ihò SSD kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ yọ USB4 kúrò níbẹ̀, B650E lẹ ń wò yẹn. X870E ló ní chip méjì.

Chip kan ni B850 náà ní. SSD tó sún mọ́ processor máa ń jẹ́ 5.0 lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ti káàdì graphics, ọwọ́ ẹni tó ṣe motherboard ló wà. Ẹ má ṣi B840 mú fún B850 o! Wọ́n jọ ara wọn lórúkọ lásán ni. PCIe 3.0 ni chipset B840 ń lò, kò sì gbà kí ẹ ti processor kọjá ìwọ̀n tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ọ̀nà PCIe. Ọ̀nà 28 ló ń jáde láti inú processor AM5 bíi tiyín: 16 fún káàdì graphics, 4 fún SSD àkọ́kọ́, 4 mìíràn tí ẹni tó ṣe motherboard lè lò bó ṣe wù ú, 4 tó kù ló lọ sọ́dọ̀ chipset. PCIe 4.0 ni ọ̀nà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn yìí, nǹkan bíi 8 GB ló lè gbà kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ohun tó bá wà lẹ́yìn chipset, ì báà ṣe SATA, USB tàbí SSD kẹta, ibẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbà. Chip kejì tí X670 àti X870E ní dà bí kí èèyàn kọ́ yàrá kún ilé rẹ̀ láì fẹ ẹnu ọ̀nà: ihò á pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà ni. Ẹni tó ní SSD méjì péré kò ní mọ ìyàtọ̀ kankan.

X870 wá ní tiẹ̀ tí wọn kì í pariwo. Ọ̀nà ni USB4 náà ń jẹ, ọ̀nà 4 tí mo ní ẹni tó ṣe motherboard lè lò bó ṣe wù ú yẹn ló sì máa ń kó lọ. Níbo ni SSD kejì yóò wá rí tirẹ̀? Lórí àwọn kan, òun àti USB4 ló ń pín in. Lórí àwọn mìíràn, ara ọ̀nà 16 ti káàdì graphics ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lórí irú èyí. Ó ti ki SSD kejì sí abẹ́ káàdì graphics, ó ṣí GPU-Z, ètò tó ń fi ipò káàdì graphics hàn, x8 (ọ̀nà 8) ló rí níbi tó yẹ kí x16 wà. Ó ti tú káàdì náà, ó ti nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti dá a padà, x8 náà ni. Inú ìwé motherboard ni ìdáhùn wà, lábẹ́ àtẹ ihò SSD, ní lẹ́tà wínníwínní tó ní àmì ìràwọ̀ lórí: bí nǹkan bá ti wọ ihò kejì, káàdì graphics di x8. A gbé SSD náà lọ sí ihò kẹta tó wà lẹ́yìn chipset, x16 padà. Kí n má parọ́, x8 ti PCIe 5.0 gba ohun kan náà pẹ̀lú x16 ti 4.0, géèmù rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í fẹ́ san owó X870 kó wá máa fi ihò kan dù ìkejì. Lẹ́tà wínníwínní yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ẹ lè rí ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó rárá.

Ẹ tún wo VRM, ìyẹn apá tó ń pín iná fún processor. B650 kan wà tí wọ́n kó Ryzen 9 7950X lé lórí, processor tó lè fa 230 W, apá kan VRM rẹ̀ kò sì ní irin tó ń tu ooru. Bí wọ́n bá tẹ fídíò sí render (kí ẹ̀rọ máa ṣe fídíò náà jáde) báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà iyára á já wálẹ̀, á gòkè, á tún já. B650 mìíràn tí irin rẹ̀ kì mọ́lẹ̀ dáadáa gbé processor yẹn kan náà láì mí gúlegúle. Chipset kan náà ni àwọn méjèèjì! Tiyín kò le tó bẹ́ẹ̀, 65 W ni wọ́n kọ sára 9700X, 88 W ló sì ń fà jù bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Motherboard tó bá ti ní irin lórí VRM ní òsì àti lókè processor ti tó.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé ó lè pọ́n yín lójú lórí B650 ni BIOS, ètò kékeré inú motherboard tó ń jí kọ̀ǹpútà. B650 ti wà lọ́jà kí 9700X tó dé, èyí tó bá ti pẹ́ nínú páálí kò ní mọ̀ ọ́n rárá. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ra AM5 tí kò ní bọ́tìnì BIOS Flashback lẹ́yìn. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè fi BIOS tuntun sí i láì sí processor tàbí mẹ́mọ́rì kankan lórí motherboard, ẹ ṣáà fún un níná. Ẹ fi FAT32 (ọ̀nà ìtò fáìlì kan) tún fláàṣì ṣe, ẹ kó fáìlì BIOS sí i, ẹ sọ ọ́ ní orúkọ tí ìwé motherboard ní kó máa jẹ́. Kì í ṣe ihò USB tó bá wù yín lẹ máa kì í bọ̀, ihò tí wọ́n fi àmì sí fún un ni. Ẹ di bọ́tìnì mú títí iná kékeré ibẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, kí ẹ wá jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ má pa iná ẹ̀rọ títí iná kékeré náà yóò fi dẹ́kun ṣíṣẹ́jú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà náà, ojú rẹ̀ á dúdú, fáànù á máa yí, kò ní sí nǹkan mìíràn. Ó ń dán mẹ́mọ́rì DDR5 wò láti mọ bí yóò ṣe bá a ṣiṣẹ́, ó lè gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Àìmọye èèyàn ló ti pa á nígbà yẹn, tí wọ́n tún tàn án, tí wọ́n tún pa á, tí wọ́n wá ní ó ti kú.

Lórí mẹ́mọ́rì náà, ẹ má tìtorí ihò mẹ́rin san owó kún owó. Ẹ̀là méjì DDR5-6000 tó ní EXPO (ètò iyára ti AMD tó wà nínú mẹ́mọ́rì) ni kí ẹ rà. Ẹ̀là mẹ́rin máa ń já iyára AM5 lulẹ̀. 3600 péré ni AMD fọwọ́ sí fún un lórí Ryzen 7000, ì báà jẹ́ orí X670E.

Ti Intel tí ẹnìkan béèrè lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín kò gùn: bí processor rẹ̀ bá jẹ́ Intel Core ìran 12 sí 14 tí kò ní K nídìí orúkọ, tàbí tó ní i àmọ́ tí kò ní tì í kọjá ìwọ̀n, chipset B760 ti tó o, kó fi Z790 sílẹ̀.

Tiyín wàyí. Bí iye B850 àti B650 bá súnmọ́ra, ẹ mú B850, torí BIOS rẹ̀ ti mọ 9700X láti inú páálí. Bí B650 tàbí B650E tó ní Flashback àti VRM tó dáa bá fi owó gidi dín sí ti B850, òun ni kí ẹ rà, kí ìyókù owó lọ sórí káàdì graphics. X870 kì í ṣe tiyín àfi tí ẹ bá ní díráífù ìta tàbí dock tó ń lo USB4. Ẹ kọ orúkọ motherboard méjì tàbí mẹ́ta tó wà lọ́kàn yín síbí, orúkọ gangan pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì ka iye wáyà USB tí ẹ máa ki bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Màá bá yín wo àtẹ ihò wọn.